Faransé Tí Mo Gbé Lọ Sílé Àna ní Níkì

Ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni a kúrò ní Ọ̀mù-Àrán. Ọyẹ́ ń ta ni létí, mo sì ti ń sọ Faransé kí n tó bọ́jú. Ìyàwó mi, Ìyá Ṣọlá, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí mi lára, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọkọ tí orí rẹ̀ ti ń dàrú díẹ̀díẹ̀ tí gbogbo ilé ò sì rí nǹkan ṣe sí i.

"Ẹ bá mi kí obìnrin inú fóònù yín," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo se iṣu tó wà nínú báàgì."

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá Ṣọlá."

"Mo gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń béèrè bí ẹ ṣe sùn."

Ẹ jẹ́ n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá, kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Pákó àti páànù ni mo ń tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹbí wa mọ̀ mọ́ mi ni ọ̀rọ̀ sísọ. Bí a bá fẹ́ tọrọ ìyàwó, èmi ni wọ́n ń tì síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, Káyọ̀dé, tó ń ṣe olùkọ́ ní Òrò. Ọmọ yìí lọ rí ọmọbìnrin kan tó wá kàwé ní yunifásítì ìlú wa. Bàké ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ Níkì ni, ìlú àwọn Bàrùbá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Dàhòmì. Bàké gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó tilẹ̀ ń pa òwe fún Ìyá Ṣọlá ní ilé ìdáná. Bàbá rẹ̀ ló ṣòro. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sì ní òun kò bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ mọ́. Ògbufọ̀ ló jókòó sáàárín nígbà tí wọ́n wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Bàké. Ohun tí wọ́n ṣèlérí níbi ìjókòó kọ́ ni ọmọ bá nílé ọkọ. Nítorí náà, bí ẹbí Káyọ̀dé bá fẹ́ Bàké lóòótọ́, kí ẹnì kan nínú wọn wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ní Faransé tàbí ní Bàrùbá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má wulẹ̀ dáwọ́ lé ọ̀nà.

Báyìí ni èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣe padà sílé ìwé. Káyọ̀dé gbé áàpù kan sórí fóònù mi, ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n fi ṣe é. Mo rò pé bí ìwé ni yóò rí, tí mo máa ṣí, tí mo máa pa dé. Ohùn obìnrin ló jáde. Ó kí mi. Mo dákẹ́. Ó béèrè bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé fóònù lé orí àpò símẹ́ǹtì, mo jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dúró lábẹ́ igi títí oníbàárà kan fi dé.

Nígbà tó yá, a mọwọ́ ara wa. Ìyá Tíṣà ni mo sọ ọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ pè nígbà ogún, yóò tún un pè nígbà ogún, kò sì ní pòṣé. Bí mo bá sọ lónìí pé orúnkún ń dùn mí, lọ́la yóò béèrè orúnkún. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni pé mo bá a sọ Ìgbómìnà bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́, ó sì fi Yorùbá akaròyìn rédíò dá mi lóhùn, ó ní òun gbọ́ mi yé. Kò gbọ́ mi yé. Ìdáhùn rẹ̀ kò kan ohun tí mo bi í. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé bóyá èmi ni mi ò béèrè dáadáa.

Káyọ̀dé tún fi hàn mí pé mo lè ní kó ṣe bí ẹni pé òun ni bàbá Bàké. Ẹ ò rí nǹkan. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó sórí pákó, tí mò ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń fún mi lọ́mọ. Kò kọ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbólóhùn kan tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ìdílé tiwa, ẹni tó bá lọ tọrọ ọmọ kì í mu omi àna títí wọn yóò fi fún un lésì. Àwọn àgbà wa ní ẹnu tó ti mu omi ẹni kì í lè bá ẹni sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kí Ìyá Tíṣà kọ́ mi bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní Faransé. Ó kọ́ mi, ó tún un ṣe, ó ní kí n gbé ohùn sílẹ̀ níbí, kí n gbé e sókè lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá Bàké inú fóònù, ó ní àṣà náà wú òun lórí gidigidi, ó sì fún mi lọ́mọ. Káyọ̀dé kò sí lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ omi kò sì tíì dé etí rẹ̀ rí; àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí, ta ló ń jókòó sọ irú rẹ̀ fún wọn?

Ó dára. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni èmi àti Káyọ̀dé san lẹ́nìkọ̀ọ̀kan láti Ọ̀mù-Àrán dé Ìlọrin, ilẹ̀ sì ti mọ́ nígbà tí a dé gáréèjì àwọn ọkọ̀ Bàrùtẹ́n, ilẹ̀ àwọn Bàrùbá ní Nàìjíríà. Awakọ̀ tí Bàké júwe fún wa ti ń dúró. Àlàájì Sábí ni orúkọ rẹ̀, Bàrùbá ni òun náà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọmọkùnrin kejì ni gbogbo Sábí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo àkọ́bí ọkùnrin wọn ṣe ń jẹ́ Wórù. Èyí tù mí lára, nítorí àwa náà mọ ohun tí à ń pè ní Táíwò àti Kẹ́yìndé àti Ìdòwú. Àlàájì gbọ́ Yorùbá Ìlọrin bí ẹni pé Òkè-Ìmọ̀lé ni wọ́n ti bí i. Àwa nìkan ni a gba ọkọ̀ náà, nítorí obì àti aṣọ àti iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà náà gba ẹsẹ̀ àpáta Ìgbẹ́tì kọjá, ó gba Kìṣí, ó wọ Kàyámà. Títì dára níbì kan, níbòmíràn ihò inú rẹ̀ tó ewúrẹ́ láti sùn sí, mo sì rí ewúrẹ́ tó sùn sí i. Àwọn sójà dá wa dúró níbi mélòó kan, wọ́n wo ojú wa, wọ́n wo iṣu, wọ́n ní ká máa lọ. Ní Kàyámà a jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà abọ́ kan, ẹran orí rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò ọmọ ọwọ́. Nígbà tí oòrùn yí, mo béèrè lọ́wọ́ Àlàájì bóyá a ti sún mọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn.

"Kwara lẹ wà, Bàbá."

"Kwara tí mo kúrò níbẹ̀ láàárọ̀?"

"Òun náà. Ẹ jáde níbẹ̀, ẹ la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ẹ tún padà bọ́ sí i. Gómìnà kan náà ló ń darí ẹ̀yin àti àwa."

Gbogbo ẹni tí mo ń rí lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ ìpínlẹ̀ mi ni, n kò sì lè kí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Mo ronú pé kí n lo àǹfààní ibẹ̀. Mo gbé fóònù jáde, mo ní kí Ìyá Tíṣà kọ́ mi bí àwọn Bàrùbá ṣe ń kí àgbà. Kò jáfara. Ó kí, ó tún un kí, ó ní kí n máa sọ ọ́ tẹ̀lé òun. Mo sọ ọ́ ketekete. Àlàájì rọra pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo rò pé táyà ló bẹ́. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "èdè wo lèyí?"

"Bàrùbá ni."

"Bàrùbá ibo? Bóyá ti àwọn ẹja inú odò."

Mo sọ fún ẹ̀rọ pé Bàrùbá gan-an ló jókòó tì mí, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ìyá Tíṣà tọrọ àforíjì, ó dúpẹ́ pé mo tọ́ òun sọ́nà, ó sì fún mi ní òmíràn. Àlàájì gbọ́ èkejì, ó nu ojú rẹ̀, ó ní ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu yà mí. Mo ti rí òpùrọ́ láyé, mo ti ra pákó lọ́wọ́ wọn. Òpùrọ́ tí mo mọ̀, ojú rẹ̀ a máa yẹ̀. Èyí kò lójú tó lè yẹ̀, ohùn tó sì fi ń kọ́ mi ní Faransé láti ọjọ́ yìí wá náà ló fi pa irọ́ yìí.

Káyọ̀dé ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Dádì. Ti Faransé ló mọ̀. Faransé ò ní tì í."

Òótọ́ sì ni, Faransé kò tì í. A sun ilé àbúrò Àlàájì ní Ṣíkándà, ìlú tó wà ní ibodè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a pààrọ̀ owó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbọ́ pé àwọn ará Dàhòmì ló ń wá náírà wá. Náírà tí mo kó sílẹ̀ kún ọwọ́ méjèèjì. Sẹ́fà tí wọ́n kó fún mi, ìka méjì ni mo fi dì í mú. Mo tún un wò, bóyá ó lẹ̀ mọ́ra ni.

Níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ni mo ti kọ́kọ́ bá ènìyàn ẹlẹ́ran ara sọ Faransé. Mo ní bọ́n-júù, ìyẹn ẹ kú ojúmọ́. Mo sọ ibi tí a ti ń bọ̀, ibi tí à ń lọ àti ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé orí sókè láti inú ìwé wa. Ó béèrè bóyá Paríìsì ni mo ti kàwé. Mo ní Ọ̀mù-Àrán ni. Ó ní òun kò mọ yunifásítì yẹn. Ẹ̀yin ará ilé, mo wú. Mo padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àyà tí mo yọ síta, Káyọ̀dé ń rẹ́rìn-ín, àní Àlàájì tó fi mí ṣe ẹlẹ́yà lánàá gbé àtàǹpàkò sókè.

Níkì kò jìnnà sí ibodè. Pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ wọn, igi òrí kún inú oko bí ẹni pé ẹnì kan gbìn wọ́n. Inú ìgò ni wọ́n ń ta epo ọkọ̀ sí lẹ́bàá títì, ìgò pupa, ìgò rẹ́súrẹ́sú, ó dà bí ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Sẹ́mì ni wọ́n ń pe ọ̀kadà. Wàrà wọn ń jẹ́ wàgàsì: ó le ju ti Ìlọrin lọ, wọ́n sì ti fi ewé ọkà pa á láró pupa. Mo ra ẹyọ kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà, a sì jẹ ẹ́ tán kí a tó dé ẹnu ọ̀nà àna.

Bàbá Bàké jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá rẹ̀, òun àti àwọn àgbà ọkùnrin méjì àti ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, fìlà funfun, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wórù ni wọ́n ń pè é, nítorí àkọ́bí ni. Bàké wà nínú ilé. Ọmọ tí à ń tọrọ kò gbọdọ̀ jáde síbi ìjókòó. Káyọ̀dé náà gbọ́dọ̀ dákẹ́, bó ṣe wà nílé wa nìyẹn. Àlàájì dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ níta. Èmi nìkan ni ẹnu.

A dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní ká dìde, wọ́n fún wa ní àga. Mo kí wọn ní Faransé, mo rí i tí bàbá náà wo àwọn àgbà méjì yòókù tó sì mi orí. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan gbé omi jáde nínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. Mo gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo sọ gbólóhùn mi, pé àwa kò ní fi ẹnu kan omi ilé yìí títí ẹ ó fi fún wa lésì. Mo gbé ohùn sílẹ̀ níbi tí Ìyá Tíṣà ní kí n gbé e sílẹ̀. Mo gbé e sókè lọ́hùn-ún.

Obìnrin náà ṣì kúnlẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé igbá sí. Bàbá Wórù túmọ̀ ohun tí mo wí fún ìyá rẹ̀ ní èdè wọn, ìyá arúgbó sì fa ìborùn bo ẹnu. Bàbá Wórù dìde, òun fúnra rẹ̀ gba igbá omi, ó gbé e wọlé. Àwọn àgbà méjì tẹ̀lé e. Ìyá arúgbó tẹ̀lé wọn. Ó ku èmi àti Káyọ̀dé lábẹ́ igi, pẹ̀lú àwọn àga òfo.

"Dádì, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Ohun tí à ń sọ ni mo sọ."

"Kí ni à ń sọ?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ojú rẹ̀ dà bí eérú. Láti inú ilé, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sunkún, mo sì mọ ohùn náà, nítorí ó ti kọrin nínú ilé ìdáná mi.

Káàdì fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí Bàké fi ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé wà lára fóònù rẹ̀, ó sì fi bá mi tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bi Ìyá Tíṣà pé kí ni mo ṣe. Ohùn rẹ̀ dùn bí ó ti máa ń dùn. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn mi. Ó ní mo pè é dáadáa. Ó béèrè bóyá mo fẹ́ kọ́ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ ohun mímu.

Mo pa fóònù náà.

Àlàájì Sábí ló wọlé wá bá wa. Ọmọ ilé kan ti ròyìn fún un níta. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá, ẹ ti omi wọn?"

"Àṣà ilé wa ni. Bí wọ́n bá fún wa lésì, a ó mu ún."

"Hùn-ún. Nílé tiwa, a kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu àlejò tí kò tíì mu omi. Omi yẹn la fi ń béèrè pé ṣé àlàáfíà ni. Bí ẹ bá gbé e kan ẹnu lásán, àlàáfíà ni. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ìjà lẹ gbé wá, ẹ ò kàn tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni."

"Wọn ò mọ̀ pé àlejò ni mí? Àlejò kò lè ṣi nǹkan ṣe?"

"Àlejò tó gbọ́ èdè tó báyẹn?" Ó wò mí lójú. "Wọ́n ní ẹ sọ ọ́ bí adájọ́ tó ń ka ìdájọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tó ń wí."

Ẹ̀yin ará mi, mo ti jókòó síwájú àna tó burú, mo ti rí ibi tí wọ́n ti lé wa. Ọ̀rọ̀ kan kò tíì bà mí lẹ́rù bí èyí. Gbogbo àkókò tí mo fi ń tún Faransé mi ṣe, ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń dí ihò tí ìdáríjì ì bá gbà wọlé. Akólòlò tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ènìyàn á bá a wá ọ̀rọ̀ tó ní lọ́kàn. Èmi kò kólòlò. Mo bú wọn lọ́nà tó mọ́ kedere.

Ó wá ku ohun kan. Bí mo bá mu omi náà láìgba èsì, mo ti fi ọwọ́ ara mi já àṣà ìdílé mi, n ó sì ṣàlàyé ara mi fún Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, nílé. Bí n kò bá mu ún, Káyọ̀dé yóò padà lọ́wọ́ òfo, ọmọ tó ń sunkún nínú ilé yẹn yóò sì máa sunkún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí láyé kí n bi í. Mo fún Káyọ̀dé ní fóònù, mo ní kó gbé e lọ sínú ọkọ̀. Mo bọ́ fìlà, mo lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n wọ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti há sórí fò lọ. Lóò, ìyẹn omi, ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Bí mo bá túmọ̀ ìyókù fún yín, bó ṣe rí nìyí: "Omi. Ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́. Ilé mi, ọ̀rọ̀ iwájú, omi ẹ̀yìn. Ilé yín, omi iwájú. Èmi kò mọ̀. Èmi àlejò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi kú. Ọmọ dáadáa. Omi, ẹ jọ̀ọ́." Mo tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kejì ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èékánná mi wà nínú erùpẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Bàbá Wórù dúró lókè orí mi.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí," ó fi Faransé wí, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sọ̀rọ̀, "níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n gbé omi wá?"

"Mo wà," ni mo ní. "Ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ẹnu."

Ìyá arúgbó béèrè pé kí ni mo wí. Ó sọ fún un. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ní ikọ́ nínú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igbá náà jáde. Mo mu ún. N kò rọra mu ún bí àna. Mo mu ún bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, Káyọ̀dé mu tirẹ̀, wọ́n tún gbé ti Àlàájì jáde fún un.

Lẹ́yìn omi ni oúnjẹ dé, oúnjẹ náà sì tún yà mí lẹ́nu, nítorí iyán ni. Sókúrù ni wọ́n ń pè é. Iyán funfun, tó fà, tí kò ní kókó, iyán tí èmi ọmọ Ìgbómìnà kò lè fojú di. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹran awó. Mo jẹ, mo ń wo ọmọrí odó tó fara ti ògiri, mo ń bi ara mi pé àwọn wo ni mo rò pé mò ń lọ bá tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ mo tọrọ Bàké, ṣùgbọ́n wọn kò fún wa lésì lọ́jọ́ náà. A sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, Bàbá Wórù pè mí sábẹ́ máńgòrò, èmi àti òun nìkan. Ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní bí àìsàn bá dá ọmọ òun dúbúlẹ̀ ní ìlú wa, tí ẹnu rẹ̀ wúwo, tó jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ tàbí Faransé nìkan ló lè sọ, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Bàbá Bàké inú fóònù kò béèrè rẹ̀ rí.

"Èmi," mo ní. "Díẹ̀ díẹ̀."

Ó fi ọ̀pá kékeré kan kọ nǹkan sílẹ̀, ó pa á rẹ́.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ máa pè mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹnu yín, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹ ó máa kọ́ Faransé lọ́wọ́ mi, èmi náà yóò máa kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ yín. N kò fẹ́ kó jẹ́ ọmọ mi nìkan ni yóò máa ru èdè méjì lórí." Ó dìde. "A ti fún yín ní Bàké."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí mú. Káyọ̀dé ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Mo mi orí sí i.

Ọ̀nà tí a bá lọ náà la bá padà. A tún sùn ní Ṣíkándà. Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ nígbà tí a wọ Ọ̀mù-Àrán ní ọjọ́ kẹrin. Ìyá Ṣọlá gbọ́ ìròyìn, ó fi ìró nu ojú, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá obìnrin inú fóònù náà wà láàyè. Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n ó ti sùn.

Mi ò wẹ̀ kí n tó lọ bá Bàbá Àgbà. Mo ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Kí ni wọ́n wí kí o tó mu omi?"

"Wọn ò tíì wí nǹkan kan, Bàbá."

Ó jẹ obì tó wà lẹ́nu rẹ̀ títí. Mo ń retí kó bínú.

"Ìwọ la rán," ó ní níkẹyìn. "Ẹni tó jókòó sílé kò mọ bí òùngbẹ ṣe rí lọ́nà." Ó nawọ́ obì tó kù sí mi.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi, n kò ní sọ pé kí ẹ ju ẹ̀rọ nù. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mo rí he lórí ilẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn yẹn, òun ló kọ́ mi ní gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi bí ẹni tí kò ní ilé. Kò sí ẹni tó gbé omi wá bá a rí, kò sì sí ẹni tó kọ omi rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń lọ sí ìlú onílùú, kó kọ́ èdè wọn dé ibi tó bá lè kọ́ ọ dé, kó sì jẹ́ kí àjèjì ara rẹ̀ hàn díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti dì í mú bó bá fẹ́ ṣubú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, kí n tó tẹ nọ́ńbà, Bàbá Wórù ti pè mí. Oòrùn ti wọ̀, adìẹ ti ń wọlé. Mo gbọ́ tó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, mo mọ̀ pé ó ti ń dá kọ́ nǹkan láti ọjọ́ náà. Ó wá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró tirẹ̀:

"Ẹ. Kú. Àárọ̀."

Mo wo òkùnkùn tó ti bo páànù ilé wa.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Àna mi," mo ní. "Ṣé ẹ jí dáadáa?"